Bí A Kò Ṣe Ní Gbé Àjàkálẹ̀ Àrùn Edé Láti Inú Odò Kan Lọ Sínú Òmíràn

Àrùn kan wà tí ó lè pa gbogbo edé inú odò kan tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí kò sì ní fọwọ́ kan ẹja, àkèré tàbí kòkòrò tí ó wà nínú omi kan náà. Edé tí mò ń sọ ni edé ńlá inú omi dídùn, èyí tí ó ní ẹ̀mú méjì níwájú bíi ti alákàn, tí ó ń sá pamọ́ sábẹ́ òkúta ní ọ̀sán, tí ó sì ń jáde wá oúnjẹ ní òru. Aphanomyces astaci ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ẹ̀dá tí ó ń fa àrùn náà. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ó bá ti wọ odò tí edé onílẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń gbé, ohun tí ó kù kò ju pé kí a ká a mọ́ ibẹ̀, kí ó má bàa dé odò kejì. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí fi dá lórí bí a kò ṣe ní gbé e débẹ̀ rárá. Mo kọ ọ́ fún àwọn tí ó ń ti inú omi kan bọ́ sínú òmíràn: apẹja, awakọ̀ ojú omi, olùṣèwádìí, òṣìṣẹ́ afárá àti ìdídò, àti ẹni tí ó ń sin edé nínú àpótí onígíláàsì.

Bí àrùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tí ó bá wo ẹ̀dá yìí nínú maikirosíkóòpù yóò rò pé olú ni, nítorí pé òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ta, ṣùgbọ́n àwọn ewé inú omi kan ni ìbátan rẹ̀ ju olú lọ. Inú èèpo ara edé ni òwú náà ti ń dàgbà. Nígbà tí edé tí ó mú bá ń kú lọ, òwú yóò yọ síta, yóò sì tú irúgbìn sínú omi. Irúgbìn wọ̀nyí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, wọ́n sì ní ìrù méjì tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láti wá edé mìíràn. Èyí tí ó bá rí edé yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí awọ rẹ̀ ti rọ̀, bíi oríkèé ẹsẹ̀ tàbí abẹ́ ìrù, yóò sọ ìrù tirẹ̀ nù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ara edé náà wọlé. Bí ó bá ṣèèṣì lẹ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe edé, ó tún lè hu ìrù tuntun, kí ó sì máa wá kiri lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí ó ti lágbára nìyẹn. Ibi tí kò ti lágbára ni pé kò lè fara da gbígbẹ, kò sì lè fara da ooru gbígbóná. Kò sí irú rẹ̀ kan tí a mọ̀ tí ó lè sùn sínú ẹrẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, bí ti àwọn ẹ̀dá mìíràn. Nínú omi lásán, tí kò ní edé, ọjọ́ díẹ̀ ni irúgbìn rẹ̀ ń lò; bí omi náà bá tutù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí ti pọ̀ tó fún àwọ̀n tútù tí a ká sínú àpò láti rìnrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, ìkù-díẹ̀-káàtó méjèèjì yìí ni a ń lò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn edé Àríwá Amẹ́ríkà ti bá àrùn yìí gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí òwú bá wọ inú èèpo wọn, ara wọn yóò yára fi èròjà dúdú tí a ń pè ní melanin dí i mọ́, òwú náà yóò sì wà níbẹ̀ bí ẹlẹ́wọ̀n tí kò kú. Edé náà yóò máa jẹ, yóò máa gùn, yóò máa yé, yóò sì máa tú irúgbìn àrùn sínú omi, pàápàá nígbà tí ó bá ń bọ́ èèpo tàbí tí ó bá ń kú. Ara edé onílẹ̀ ti Yúróòpù, ti Éṣíà àti ti Ọsirélíà kò yára tó bẹ́ẹ̀. Kí ó tó múra ìjà, òwú ti dé inú iṣan. Kì í ṣe gbogbo edé Amẹ́ríkà ni ó ní àrùn lára, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó ní i lè kú bí ìyà mìíràn bá jẹ ẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi ojú wo edé kan kí ó sọ pé ara rẹ̀ mọ́.

Agbègbè odò Po ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ikú àìròtẹ́lẹ̀ yìí ní Yúróòpù, ní 1859. Láti ibẹ̀ ó gba Faransé àti Jámánì kọjá, ó dé Rọ́ṣíà, ó dé Finland ní 1893, ó sì dé Sweden ní 1907. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń ronú àtikó ẹ̀dá inú omi láti ibì kan lọ sí ibòmíràn mọ̀ dáadáa. Nítorí pé odò ti ṣófo, àwọn ènìyàn lọ kó edé Amẹ́ríkà wá láti fi rọ́pò èyí tí ó kú. Ní 1890, wọ́n kó nǹkan bí 100 edé Faxonius limosus dé ilẹ̀ Jámánì. Ní nǹkan bí 1960, Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í kó Pacifastacus leniusculus wọlé. Ní 1973, wọ́n kó Procambarus clarkii láti Louisiana ní Amẹ́ríkà lọ sí Sípéènì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sin Pacifastacus ní 1976. Ohun tí wọ́n kó wá ṣe àtúnṣe ni ó ń gbé àrùn náà lára, èyí tí ó túmọ̀ sí pé odò tí àjèjì bá ti gbà, edé onílẹ̀ kò lè padà síbẹ̀ mọ́.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n pín àrùn náà sí ẹ̀yà A, B, C, D àti E, ní ìbámu pẹ̀lú edé tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bá wá. Fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀, méjì ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ̀yà D, tí ó bá Procambarus clarkii wá, fara da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀ẹ̀rùn pé yóò pa á. Ẹ̀yà A, tí ó ti pẹ́ jù ní Yúróòpù, ti rọlẹ̀ ní àwọn ibì kan, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí i lára edé onílẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè ní àwọn adágún kan ní Finland àti Tọ́kì. Èyí fi hàn pé edé onílẹ̀ pàápàá, tí ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ le, lè máa gbé ikú lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní odò mìíràn.

Dídá onílẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí àjèjì

Pacifastacus leniusculus ni ó tàn kálẹ̀ jù nínú àwọn àjèjì ní Yúróòpù. Wo ibi tí ìka ẹ̀mú rẹ̀ ti ń ṣí tí ó sì ń pa dé, lórí òkè. Àmì funfun tàbí funfun aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀ tí kò ṣòro láti rí. Abẹ́ ẹ̀mú rẹ̀ pupa. Procambarus clarkii pupa jìnnìjìnnì, kókó pupa sì wà káàkiri ẹ̀mú rẹ̀. Faxonius limosus kéré sí wọn, ó ní ilà pupa bíi àwọ̀ ilẹ̀ kọjá lórí ìpín ìrù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ẹ̀gún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Procambarus virginalis, tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ àdàlù bí òkúta mábù, ni mo rò pé ó yẹ kí a bẹ̀rù jù: abo ni gbogbo wọn, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó yé, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹnìkan bá sọ sínú adágún tó láti kún un.

Ní ti onílẹ̀, Austropotamobius pallipes, tí ó wà ní Ireland, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ítálì, ní abẹ́ ẹ̀mú tí ó funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: Astacus astacus, tí ó jẹ́ onílẹ̀ ní Sweden, Finland, Norway, Jámánì àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí wọn ká, ní abẹ́ ẹ̀mú pupa gẹ́gẹ́ bí àjèjì. Ẹni tí ó bá fi pupa abẹ́ ẹ̀mú nìkan ṣe àmì lè pa edé tí òfin ń dáàbò bò. Bí ó bá rú ọ lójú, ya àwòrán òkè àti abẹ́ rẹ̀, fi ohun tí a lè fi mọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ ibi tí o ti rí i, kí o sì fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ odò náà. Má gbé edé náà lọ sílé láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Irinṣẹ́ tí ó ti kan omi

Ní 2017, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ nínú odò Suir ní Ireland, ó sì pa edé lọ bẹẹrẹ. Ohun tí ó dẹ́rù bani níbẹ̀ ni pé kò sí edé Amẹ́ríkà kankan tí a tíì rí nínú odò ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Nígbà tí kò sí edé tí ó lè gbé àrùn wá, ohun tí àwọn onímọ̀ fura sí ni irinṣẹ́ tútù tí ó ti ibòmíràn wá. Mo máa ń fi èyí dá àwọn tí ó bá sọ pé àwọn kò fọwọ́ kan edé rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò kàn wọ́n, lóhùn.

Etí omi tí o ti jáde gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé. Da gbogbo omi inú ọkọ̀, garawa, bàtà àti ìgèrè nù síbẹ̀, sórí ilẹ̀ tàbí padà sínú odò kan náà. Fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ kúrò. Já ewé tí ó so mọ́ àwọ̀n àti ìdákọ̀ró. Yẹ inú ìgèrè wò dáadáa, nítorí pé ọmọ edé tí kò ju ìka lọ lè fara pamọ́ sí igun rẹ̀, òkú edé tí ó há sí ojú àwọ̀n náà sì tún burú jù ú lọ. Ẹrẹ̀ kò dára fún ìdí méjì: ó ń mú kí nǹkan pẹ́ kí ó tó gbẹ, ó sì ń sọ agbára kẹ́míkà di aláìlera. Ẹni tí ó bá rẹ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sínú oògùn apakòkòrò, ẹrẹ̀ ni ó fọ̀, kò tíì kan àrùn.

Lẹ́yìn fífọ ni pípa kòkòrò. Gbígbẹ ni ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Ó kéré tán, kí ohun gbogbo gbẹ fún wákàtí 48. Kì í ṣe ìgbà tí o sá nǹkan ni o máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí náà, bí kò ṣe ìgbà tí kò sí ọ̀rinrin kankan mọ́ lára rẹ̀. Ṣòkòtò rọ́bà tí apẹja ń wọ̀ wọ inú omi lè gbẹ lóde láàárín wákàtí díẹ̀, kí inú rẹ̀ ṣì tutù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ojú kókó àwọ̀n, okùn, fóòmù inú ẹ̀wù amúniléfòó àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tí a fi aṣọ rírọ̀ ṣe, gbogbo wọn ni ó ń fi omi pamọ́. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ aṣọ yẹn, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o pààrọ̀ rẹ̀ sí ti rọ́bà, nítorí pé mi ò rí ọ̀nà kan tí ó dáni lójú láti gbẹ ẹ́.

Bí àkókò kò bá sí, lo ooru. Omi tí ó gbóná tó 60°C, tí ohun èlò wà nínú rẹ̀ pátápátá fún ìṣẹ́jú 5, yóò pa á. Omi híhó yóò pa á láàárín ìṣẹ́jú kan. Fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru wọ̀n ọ́n, nítorí pé omi gbígbóná tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ilé lè má tó ìwọ̀n yẹn, bí ó tilẹ̀ ń jó ọwọ́. Ní Finland, wọ́n máa ń gbé ìgèrè sínú yàrá ooru sauna, èyí tí ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ó ń ṣe ìgbóná àti gbígbẹ pọ̀. Òtútù náà ṣeé lò bí ó bá lágbára tó: kí a fi àwọ̀n sínú fìríìsà tí ó tutù dé -20°C fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Fìríìjì lásán kò lè ṣe é, ńṣe ni yóò pa ọ̀rinrin àti irúgbìn àrùn mọ́ pọ̀.

Kẹ́míkà ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí pé òun ni ó ń ṣèpalára fún odò bí a kò bá ṣọ́ra. Èyí tí ó ní chlorine tàbí iodine nínú ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n mílígíráàmù 100 chlorine nínú lítà omi kan ni a mọ̀ pé ó tó fún ohun èlò tí a ti fọ̀ mọ́. Tẹ̀lé ìwọ̀n àti àkókò tí wọ́n kọ sára ìgò. Wọ ìbọ̀wọ́. Má da chlorine pọ̀ mọ́ ásíìdì tàbí ammonia, nítorí èéfín olóró tí yóò ti ibẹ̀ jáde. Má sì ṣe iṣẹ́ náà létí odò, nítorí pé ohun tí ó pa irúgbìn àrùn yóò pa ọmọ ẹja pẹ̀lú. Fi omi ẹ̀rọ ṣan ohun èlò náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó sàn ju gbogbo èyí lọ ni kí odò kọ̀ọ̀kan ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ apẹja tí ó bá ra ìgèrè àti bàtà sí etí adágún tirẹ̀, tí kò sì gba ti àlejò láàyè níbẹ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì ewu. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mú un dé ọ̀pọ̀ ibi lójúmọ́ gbọ́dọ̀ to ìrìn rẹ̀: kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè odò lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ibi tí omi fúnra rẹ̀ ń gbé nǹkan lọ náà ni òun náà ń lọ, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ibi tí edé onílẹ̀ wà kí ó tó lọ sí ti àjèjì, kí ó má sì wọ agbègbè odò méjì ní ọjọ́ kan bí kò bá ní irinṣẹ́ méjì. Katakata tí ń gbẹ́ odò, ẹ̀rọ tí ń fa omi àti ajá tí ó lúwẹ̀ẹ́ náà wà nínú ìṣirò yìí.

Ọkọ̀ tí ń kó ẹja wá sí adágún tún nílò ojú. Ẹja kì í ṣàìsàn yìí, ṣùgbọ́n omi tí ó bá a wá lè ní irúgbìn àrùn nínú, bí edé Amẹ́ríkà bá ń gbé inú oko ẹja tí ó ti wá. Kí a tó ra ẹja láti fi kún odò, kí a béèrè bóyá edé wà nínú oko náà, irú wo sì ni, kí a má sì gba omi àjò wọn láàyè nínú odò wa.

Edé inú àpótí, edé ìjẹ àti edé ọjà

A ti rí Aphanomyces astaci lára àwọn edé tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ nínú àpótí onígíláàsì. Ẹni tí ó bá ń sin ín kò gbọ́dọ̀ da omi àpótí sínú gọ́tà òjò tàbí ìṣàn omi tí ó dé odò. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó so mọ́ ètò ìdọ̀tí ìlú ni kí ó dà á sí. Òkú edé, kí ó dì í nínú fìríìsà kí ó tó sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Bí sísìn rẹ̀ bá sú ọ, ẹni tí ó tà á fún ọ tàbí onímọ̀ ìṣègùn ẹranko ni kí o tọ̀ lọ. Sísọ ọ́ sódò kì í ṣe àánú.

Má fi edé ṣe ìjẹ ẹja, ìbáà jẹ́ láàyè tàbí ní òkú tútù. Edé tí a rà láti jẹ kò léwu mọ́ bí a bá ti sè é, ṣùgbọ́n omi tàbí yìnyín tí wọ́n fi gbé e wá nígbà tí ó wà ní tútù léwu, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ti kú nínú àpò tí a ṣà sọ́tọ̀ kí a tó gbé ìkòkò kaná. Ìṣọ́ra kan náà kan àwọn alákàn ilẹ̀ Ṣáínà, Eriocheir sinensis, nítorí pé a ti rí i pé àwọn náà lè gbé àrùn yìí.

Ní ti òfin, láti 2016 ni irú edé Amẹ́ríkà márùn-ún ti wà nínú àkójọ àwọn ẹ̀dá àjèjì tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nọ́ńbà 1143/2014, kà léèwọ̀ láti gbé kiri láàyè, láti tà tàbí láti tú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fẹ́ fi ìgèrè kó àjèjì tán nínú odò yẹ kí ó wọ ibí yìí. Mo mọ̀ pé inú rere ni ó ń tì wọ́n, ṣùgbọ́n ìgèrè kì í mú àwọn kéékèèké, àwọn ńlá tí ó sì ń mú ni ó ń jẹ àwọn kéékèèké náà. Bí a bá kó wọn kúrò, ọmọ wọn yóò gbòòrò sí i. Nígbà kan náà, ìgèrè tuntun, bàtà tuntun àti ọ̀nà tuntun ti wọ inú odò. Ní ibi púpọ̀, ìdènà tí ó wà lójú omi ni ó wúlò jù, bíi ìdídò kékeré tí edé kò lè gùn. Ẹni tí ó fẹ́ wó irú ìdídò bẹ́ẹ̀ kí ẹja lè ráàyè kọjá ní ìdí tí ó dára, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá edé àjèjì ń dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí a bá rí edé tí ń kú

Edé tí ara rẹ̀ dá kì í rìn ní gbangba ní ọ̀sán. Àmì àkọ́kọ́ nìyẹn: wọ́n á jáde sí ibi tí oòrùn ti ń ràn, wọ́n á máa rìn bí ẹni tí ó wà lórí igi àgéré, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó le. Bí o bá gbé irú rẹ̀, kò ní na ìrù gbà ọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀mú rẹ̀ á sì rọ̀ dirodiro. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣubú dojú ẹ̀yìn dé ilẹ̀, wọn kò sì ní lè yí padà. Lára àwọn mìíràn, iṣan abẹ́ ìrù tí ó yẹ kí ó mọ́ gaara á ti funfun bí ẹyin tí a sè, oríkèé ẹsẹ̀ á sì ní àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí kì í hàn lára gbogbo wọn, nígbà mìíràn òkú nìkan ni ènìyàn ń bá. Bí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ikú lè dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ó bá tutù, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn a sì máa rò pé ìṣòro ti tán.

Ìbéèrè tí ó ń yanjú ọ̀rọ̀ jù ni èyí: kí ni ó tún kú? Bí ẹja àti àwọn kòkòrò abẹ́ òkúta bá kú pẹ̀lú, májèlé tàbí àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi ni kí a fura sí. Bí edé nìkan bá ń kú, tí àwọn yòókù ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín òkú wọn, àrùn yìí ni kí a fi sọ́kàn títí àyẹ̀wò yóò fi sọ nǹkan mìíràn. Àmọ́ oògùn tí àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò lè pa edé kí ó tó pa ẹja, nítorí náà má ṣe gbójú fo kòkòrò inú omi nígbà tí o bá ń wò.

Kúrò nínú omi lójú ẹsẹ̀. Má gbé òkú kan sọ sí ibòmíràn, má sì tẹ̀ síwájú lọ wo bí ó ṣe rí ní odò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú bàtà kan náà, èyí tí ó jẹ́ ohun tí ọkàn ènìyàn máa ń sún un ṣe jù. Kọ ibi, ọjọ́ àti iye tí o rí sílẹ̀, ya àwòrán, kí o sì pe àwọn aláṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Environment Agency ni. Ní Norway, Mattilsynet. Ní Sweden, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Länsstyrelsen. Àrùn náà wà nínú àkójọ Àjọ Ìlera Ẹranko Àgbáyé, WOAH, ó sì di dandan ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti ròyìn rẹ̀.

Bí àwọn aláṣẹ bá ní kí o kó àpẹẹrẹ, èyí tí ó ṣì ń mí, tí ó sì ti ń rẹ̀, ni ó dára jù, nítorí pé òkú ń yára jẹrà, olú á sì bò ó tí yóò da ojú àyẹ̀wò rú. Má fi í sínú omi. Wé e sínú ewé tàbí bébà tí ó ní ọ̀rinrin, gbé e sí ibi tútù nínú àpótí tí omi kò lè jò láti inú rẹ̀, kí ó sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí 24. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, rì í sínú ẹ́tánọ́ọ̀lì. Àyẹ̀wò PCR tí ń wá àbùdá kòkòrò náà yóò ṣì ṣiṣẹ́. Gba ìyọ̀ǹda ní kíkọ kí o tó fọwọ́ kan edé onílẹ̀, nítorí pé ní ibi púpọ̀ òfin ń dáàbò bò wọ́n títí kan òkú wọn. Ní báyìí, wọ́n tún lè sẹ́ omi odò, kí wọ́n sì wá àbùdá àrùn àti ti edé nínú ohun tí ó kù lójú asẹ́, láì mú edé kankan.

Lẹ́yìn tí odò ti ṣófo

Àrùn tí ó ti pa gbogbo edé tán kò ní ibi tí yóò máa gbé mọ́, nítorí náà yóò kú tẹ̀lé wọn. Ìyẹn nìkan ni àǹfààní tí ó wà nínú ikú àkópátápátá yìí, òun ni ó sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti dá edé onílẹ̀ padà sí àwọn odò kan ní Norway àti Sweden. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́ta ni kì í fi í yá: àwọn edé díẹ̀ lè ṣẹ́kù sí òkè odò, kí àrùn máa lọ láàárín wọn díẹ̀díẹ̀; àjèjì lè wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí; ẹni tí ó gbé e wá lákọ̀ọ́kọ́ sì lè padà wá pẹ̀lú àwọ̀n kan náà.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi ìgèrè àti àyẹ̀wò àbùdá wá àjèjì. Bí a bá rí ẹyọ kan, ètò ìmúpadàbọ̀ ti parí nínú odò náà, kí a sì wo inú adágún tí kò bá odò kankan pàdé, bí àwọn tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi tọ́jú Austropotamobius pallipes. Bí a kò bá rí i, kí a fi edé onílẹ̀ díẹ̀, tí a mọ ibi tí wọ́n ti wá tí a sì ti yẹ̀ wò, sínú àgò ní ibi mélòó kan lójú odò, kí a sì máa lọ wò wọ́n jálẹ̀ àkókò tí omi bá lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí wọ́n bá kú, kí a dì wọ́n ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, kí a sì dúró. Bí wọ́n bá yè, nígbà náà ni kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn mìíràn sílẹ̀, láti orísun kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àti pẹ̀lú àgò àti garawa tí kò tíì kan omi mìíràn rí.